Kílò Orí Ìwé, Kílò Ojú Òfurufú: Ìtàn Ẹ́ńjìnì Bàálù Ogun àti Àwọn Géèmù Tó Ń Fara Wé E

Ìtàn tòní kì í ṣe ti ọba, kì í ṣe ti odi ìlú. Ìtàn ẹ́ńjìnì ni. Ẹ má tíì kọjá lọ, ẹ fara balẹ̀ kà á dópin, torí orúkọ rere ẹni tó ti kú wà nínú rẹ̀.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan ló fà á. Ó wá lo ìsinmi lọ́dọ̀ wa, ó gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ ka itan, ó ń fi bàálù ogun jà nínú géèmù. F-14 Tomcat ti àwọn ará Amẹ́ríkà ni bàálù ọ̀hún. Mo rí i tó fún un ní epo tán lẹ́ẹ̀kan náà, bàálù gbéra bí ọfà, ó kọrí sókè gangan. Kò húkọ́, kò rẹ̀ ẹ́, epo rẹ̀ kò tán. Mo ní, "Ìyẹn kò lè rí bẹ́ẹ̀ láéláé." Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Bàbá kékeré, ẹ wo ìwé rẹ̀. Ẹ́ńjìnì méjì ló ní, ọ̀kọ̀ọ̀kan ń fi agbára kílò 9,480 tì í síwájú. Nọ́ńbà kì í parọ́."

Mo ní òótọ́ ni, nọ́ńbà yẹn kò parọ́. Ṣùgbọ́n kò sọ gbogbo ọ̀rọ̀ tán. Ohun tí kò sọ ni mo fẹ́ kí a jọ wò lónìí.

IBI TÍ WỌ́N TI WỌN KÍLÒ NÁÀ

Ẹ́ńjìnì jẹ́ẹ̀tì a máa gbé afẹ́fẹ́ mì níwájú, á fún un pọ̀, á da epo sí i, á ṣáná sí i, ooru ńlá á sì tú jáde lẹ́yìn. Bí èyí ṣe ń tú sẹ́yìn ni bàálù ń lọ síwájú. Agbára ìtìsíwájú nìyẹn, òun ni wọ́n ń fi kílò wọ̀n. Bàálù ogun tún ní ohun kan tí wọ́n ń pè ní afterburner: wọ́n á tún da epo sínú iná tó ti ń jáde ní ìdí ẹ́ńjìnì, agbára á lọ sókè gidigidi, epo náà á sì máa lọ bí omi òjò.

Báwo ni wọ́n ṣe ń wọ̀n ọ́n? Wọ́n á so ẹ́ńjìnì mọ́lẹ̀ lórí ìdúró, kò ní sí bàálù lára rẹ̀, wọ́n á sì ṣírò rẹ̀ sí ojú ọjọ́ tó tutù díẹ̀, ìwọ̀n ooru 15, ní gíga ojú òkun. Kílò tí wọ́n bá rí níbẹ̀ ni wọ́n ń kọ sínú ìwé.

Ẹ wá gbé ẹ́ńjìnì yìí sínú bàálù. Afẹ́fẹ́ ní láti gba ihò tóóró kọjá kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, apá kan agbára á ti sọnù níbẹ̀. Wọ́n á tún máa bu lára afẹ́fẹ́ rẹ̀ fún yàrá awakọ̀, ẹ́ńjìnì kan náà ló ń yí ẹ̀rọ iná mànàmáná, òun náà ló ń yí ẹ̀rọ tó ń gbé apá àti ìrù bàálù. Ẹ mú un wá sí Kútọnu ní ọ̀sán, níbi tí ooru ti sábà máa ń tó 30: afẹ́fẹ́ gbígbóná fúyẹ́, agbára á tún dín. Ẹ gbé e gòkè dé mítà 6,700: afẹ́fẹ́ ibẹ̀ kò ju ìdajì ti ojú òkun lọ. Ní mítà 11,000, kò tó ìdá kan nínú mẹ́ta. Ẹ́ńjìnì tí kò rí afẹ́fẹ́ jẹ kò lè ṣiṣẹ́ bó ṣe ń ṣe nílẹ̀. Nígbà tí bàálù bá sì ń sáré gan-an, eré náà á máa ki afẹ́fẹ́ bọ ẹ́ńjìnì lẹ́nu, díẹ̀ nínú agbára á padà.

Nítorí náà, agbára ẹ́ńjìnì kì í ṣe nọ́ńbà kan ṣoṣo. Gíga, eré àti ooru ló ń pinnu rẹ̀ papọ̀. Ẹni tó bá ti gun zémíjàn pẹ̀lú àpò àgbàdo méjì lọ sí ìdí àwọn òkè Ìdáṣà mọ ohun tí mò ń wí. Mọ́tò kan náà tó ń fò ní títì Kútọnu á máa mí hẹlẹhẹlẹ níbẹ̀.

ÀWỌN TÓ KỌ́KỌ́ ṢE É

Ní 1930, ọ̀dọ́ ọmọ ogun òfurufú Gẹ̀ẹ́sì kan, Frank Whittle, fi ẹ̀tọ́ àṣẹ gba èrò ẹ́ńjìnì jẹ́ẹ̀tì. Ìjọba kò kà á sí. Ní 1935, owó tí wọ́n ní kó san láti fi tún ẹ̀tọ́ náà sọ dọ̀tun jẹ́ pọ́n-ùn márùn-ún, kò rí i san, ẹ̀tọ́ náà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ní 12 Oṣù Kẹrin 1937, ẹ́ńjìnì rẹ̀ kọ́kọ́ ṣiṣẹ́. Ó ń yí, ó ń yára sí i, ó ké tòò, Whittle pa epo rẹ̀, síbẹ̀ kò dúró, torí epo ti dúró sínú rẹ̀. Àwọn tó wà níbẹ̀ sá tú ká.

Ní Jámánì, Hans von Ohain ń ṣe tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ní 27 Oṣù Kẹjọ 1939, bàálù Heinkel He 178 fi ẹ́ńjìnì rẹ̀ fò, bàálù jẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́ láyé. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà tí ogun àgbáyé kejì bẹ́ sílẹ̀.

Inú ogun yẹn ni a ti rí ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́. Messerschmitt Me 262 ti Jámánì ní ẹ́ńjìnì méjì tí orúkọ wọn ń jẹ́ Jumo 004, ọ̀kọ̀ọ̀kan ń tì í pẹ̀lú nǹkan bíi kílò 900. Ó ń sá tó kìlómítà 870 ní wákàtí kan, kò sí bàálù onífẹ̀ẹ́rẹ̀ tó lè lé e bá. Tí a bá fi ìwé nìkan dájọ́, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni lè mú un. Ṣùgbọ́n Jámánì kò ní irin tó le dáadáa mọ́ lásìkò ogun, ẹ́ńjìnì náà kì í ju wákàtí 10 sí 25 lọ tí wọ́n fi ní láti pààrọ̀ rẹ̀. Èyí tó burú jù ni pé awakọ̀ kò gbọ́dọ̀ ti ọ̀pá epo síwájú lójijì. Díẹ̀díẹ̀ ni. Tó bá jà á, iná inú ẹ́ńjìnì lè kú, tàbí kí ẹ́ńjìnì náà jóná.

Àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà gbọ́ èyí, wọ́n gbọ́n. Dípò kí wọ́n máa lé Me 262 ní òkè, wọ́n ń lọ dúró dè é ní ìdí pápá rẹ̀, níbi tó ti ń rọra bọ̀ wá bà lé, tàbí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbéra, tí kò sì lè rí agbára kíákíá. Ní 7 Oṣù Kẹwàá 1944, Urban Drew já méjì lulẹ̀ bí wọ́n ti ń gbéra ní Achmer. Ní 6 Oṣù Kọkànlá, Chuck Yeager já ọ̀kan lulẹ̀ bó ti ń bà lé. Ó di dandan kí Jámánì máa fi bàálù onífẹ̀ẹ́rẹ̀ ṣọ́ bàálù jẹ́ẹ̀tì. Àgbà wá dẹni tí ọmọdé ń sìn relé.

Bí géèmù bá wá fún yín ní Me 262 tó ń sáré 870, ṣùgbọ́n tí ẹ lè ja epo rẹ̀ bó ṣe wù yín, ẹ ò tíì wa Me 262. Àwọn tó ṣe géèmù IL-2 Sturmovik mọ èyí: nínú tiwọn, ẹni tó bá kánjú ti ọ̀pá epo ti Me 262 á rí iná ní ẹ̀gbẹ́ apá rẹ̀.

Ẹ́ńJÌNÌ TÍ WỌ́N FI DÉLÉ

Ẹ jẹ́ ká padà sórí F-14 ọmọ ẹ̀gbọ́n mi. Ilé-iṣẹ́ Grumman ló ṣe é fún àwọn ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà, ó kọ́kọ́ fò ní 21 Oṣù Kejìlá 1970. Ẹ́ńjìnì tí wọ́n fi sí i ni TF30. Wọ́n kàn fi í délé ni. Ẹ́ńjìnì tuntun kan, F401, ló yẹ kó gbapò rẹ̀. Owó àti ìṣòro pa F401 kú lọ́nà, adélé wá di onílé.

Kílò 9,480 kì í ṣe kékeré. Ìṣòro TF30 kì í ṣe pé agbára rẹ̀ kéré lórí ìwé nìkan, àárẹ̀ ọ̀fun ló ń ṣe é. Àwọn abẹ kéékèèké tó wà níwájú ẹ́ńjìnì ló ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀. Wọ́n fẹ́ kí afẹ́fẹ́ wọlé tààrà. Tí awakọ̀ bá gbé imú bàálù ga jù, tàbí tí imú yà sí ẹ̀gbẹ́, tàbí tó ja ọ̀pá epo láìrò, afẹ́fẹ́ á wọlé ní wọ́gọwọ̀gọ, abẹ á já a sílẹ̀, á ta padà síwájú pẹ̀lú ìró bí ìbọn. Àwọn onímọ̀ ń pè é ní compressor stall. Àwa lè sọ pé afẹ́fẹ́ há ẹ́ńjìnì lọ́fun. Ẹ̀yin tí ẹ ti ra epo kpayo tó ní omi nínú, tí mọ́tò yín ń húkọ́ lórí títì, ẹ fi inú ro ó: ẹ ti wà ní mítà 200 lókè òkun.

Ibi tí wọ́n gbé ẹ́ńjìnì méjèèjì sí tún dá kún un. Wọ́n jìnnà sí ara wọn. Tí ọ̀kan bá kú, èkejì á máa ti ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo, bàálù á fẹ́ yí po bí òkòtó. Nínú ogun, níbi tí awakọ̀ ti nílò láti gbé imú ga kó sì fa epo, ibẹ̀ gan-an ni ẹ́ńjìnì ti lè já a sílẹ̀. Àwọn awakọ̀ F-14 ní láti máa wa ẹ́ńjìnì kí wọ́n tó wa bàálù.

Ní 1984, John Lehman, tó jẹ́ akọ̀wé ìjọba lórí ọ̀rọ̀ ọmọ ogun ojú omi, sọ fún ilé aṣòfin Amẹ́ríkà pé TF30 ló fa 28.2 nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo F-14 tó ti já. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n ṣe oríṣi tuntun tó gba ẹ́ńjìnì F110 ti General Electric, tó lágbára jù, tí kì í sì há lọ́fun bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú àwọn F-14 àtijọ́ ṣì ń fi TF30 fò lọ.

ERÉ NI, IṢẸ́ NI

Ìtàn ẹ̀rọ àfarawé, ìyẹn ẹ̀rọ tí a fi ń kọ́ ìwakọ̀ òfurufú lórí ilẹ̀, pẹ́ ju kọ̀ǹpútà lọ. Edwin Link, tí bàbá rẹ̀ ń ṣe dùùrù, fi ẹ̀rọ fífẹ́ afẹ́fẹ́ inú dùùrù ṣe ọ̀kan ní 1929. Kò sẹ́ni tó kọ́kọ́ kà á sí ohun gidi, àwọn ibi ìgbafẹ́ ló ń rà á fún àwọn ọmọdé àti àgbà láti fi ṣeré. Ní 1934, ìjọba Amẹ́ríkà ní kí àwọn ọmọ ogun òfurufú máa gbé lẹ́tà káàkiri, nínú kùrukùru àti òru. Bíi méjìlá nínú wọn kú láàárín oṣù díẹ̀. Ìgbà náà ni wọ́n wá ra ẹ̀rọ Link. Ohun ìṣeré di ohun tó ń gba ẹ̀mí là.

Ní 1987, ilé-iṣẹ́ Sega ti Japan gbé géèmù After Burner jáde. Bàálù inú rẹ̀ jọ F-14, ìjókòó rẹ̀ ń mì, orúkọ rẹ̀ gan-an ni iná ìdí ẹ́ńjìnì. Ṣùgbọ́n epo rẹ̀ kì í tán, ẹ́ńjìnì rẹ̀ kì í há. Mi ò bá a wí, eré ni wọ́n tà, eré ni wọ́n pè é. Àròyé mi ni pé ọ̀pọ̀ ọmọ ni F-14 yẹn nìkan ni wọ́n mọ̀.

OBÌNRIN KAN LÓRÍ ÒKUN

Ní 25 Oṣù Kẹwàá 1994, Kara Hultgreen ń bọ̀ wá bà lé orí ọkọ̀ ojú omi USS Abraham Lincoln, nítòsí etíkun Kalifọ́níà. Ẹni ọdún 29 ni, ó sì wà lára àwọn obìnrin àkọ́kọ́ tí Amẹ́ríkà gbà láyè láti máa wa bàálù ogun láti orí ọkọ̀ ojú omi. F-14A ló ń wà, TF30 sì ni ẹ́ńjìnì rẹ̀.

Bó ṣe ń yí bọ̀, ó kọjá ìlà tó yẹ kó tẹ̀lé. Ó fẹ́ tún un ṣe, imú bàálù yà sí ẹ̀gbẹ́. Afẹ́fẹ́ kò wọ ẹ́ńjìnì òsì dáadáa mọ́, ó há a lọ́fun. Agbára kù sí apá ọ̀tún nìkan, bàálù bẹ̀rẹ̀ sí í yí sí òsì. Ìjókòó ẹnìkejì rẹ̀ tó wà lẹ́yìn kọ́kọ́ ta jáde, ìyẹn yè. Ìjókòó Hultgreen tẹ̀lé e láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ṣùgbọ́n bàálù ti yí jù. Inú òkun ló ta á sí.

Ìbànújẹ́ kò tíì rọlẹ̀ tí ọ̀rọ̀ fi bẹ̀rẹ̀. Àwọn kan ní torí pé obìnrin ni ni wọ́n ṣe gbé e gun bàálù, pé kò mọ̀ ọ́n wà. Àwọn ọmọ ogun ojú omi ní ẹ́ńjìnì ló kú. Ìwé ìwádìí inú ilé wọn bọ́ síta, ó ní awakọ̀ náà ṣe àṣìṣe. Òótọ́ méjèèjì ni: àṣìṣe wà, ẹ́ńjìnì sì há. Ìbéèrè tó kù ni pé: ṣé akọni awakọ̀ mìíràn ìbá yọ nínú rẹ̀?

Wọ́n gbé àwọn awakọ̀ F-14 mìíràn, ọkùnrin tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, sínú ẹ̀rọ àfarawé, wọ́n fi ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i dán wọn wò. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló já sínú òkun.

Ẹ̀yin ará, ibí ni mo ń bọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ká ní ẹ̀rọ àfarawé yẹn mọ kílò 9,480 nìkan, tí kò mọ̀ pé ẹ́ńjìnì lè há lọ́fun, gbogbo àwọn ọkùnrin yẹn ni ìbá bà lé ní ìrọ̀rùn. Wọn ìbá jáde síta pẹ̀lú ẹ̀rín, ẹ̀bi ìbá sì kù sọ́rùn òkú nìkan. Ẹ̀rọ tó fara wé ẹ́ńjìnì bó ṣe rí gan-an, pẹ̀lú àbùkù rẹ̀, ló jẹ́rìí fún ẹni tí kò lè sọ̀rọ̀ mọ́.

BÍ A ṢE LÈ MỌ GÉÈMÙ TÓ SỌ ÒÓTỌ́

Ní Oṣù Kẹta 2019, ilé-iṣẹ́ Heatblur gbé F-14 jáde nínú DCS World, géèmù kọ̀ǹpútà tó ń gbìyànjú láti jọ ti gidi. Wọ́n kọ́kọ́ ṣe èyí tó ní F110, lẹ́yìn náà wọ́n ṣe F-14A pẹ̀lú TF30. Ẹni tó bá gbé imú F-14A náà ga, tó sì ja ọ̀pá epo, á gbọ́ ìró náà, ẹ́ńjìnì rẹ̀ á há. Ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọ nílé tó ń ṣe irú eré yìí, ẹ ní kó dán nǹkan mẹ́rin wò.

Èkíní, kó gòkè lọ jìnnà, kó wò ó bóyá bàálù rẹ̀ ṣì ń gùn bíi ti ilẹ̀. Èkejì, kó dín epo kù pátápátá, kó sì tún un fún un lẹ́ẹ̀kan náà, kó ka iye ìṣẹ́jú àáyá tó gbà kí agbára tó dé. Ẹ̀kẹta, kó gbé bọ́ǹbù àti epo kún inú rẹ̀, kó wo bí ilẹ̀ tó fi ń sáré kó tó gbéra ṣe gùn tó. Ẹ̀kẹrin, kó hùwà àìdáa sí ẹ́ńjìnì náà, kó wò ó bóyá á bínú. Géèmù tó bá yege nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti ka jù nọ́ńbà orí ìwé lọ.

Kò sí géèmù tó pé o. Ìwé ìwakọ̀ àwọn bàálù àtijọ́ bíi F-14 ti wà níta, àwọn tó ń ṣe géèmù lè kà á. Ti àwọn tuntun bíi F-22 wà lábẹ́ àṣírí. Àwọn tó ni ẹ́ńjìnì rẹ̀ kàn sọ pé agbára rẹ̀ wà ní ìpele pọ́n-ùn 35,000, nǹkan bíi kílò 15,900. Bó ṣe ń dín tó ń pọ̀ ní òfurufú, wọn kò sọ. Ẹni tó bá fi irú rẹ̀ sínú géèmù, ìdíyelé ló ṣe.

Ẹ lè ní kí ló kan àwa ará Bẹ̀nẹ̀ níbẹ̀, àwa tí kò ní F-14. Ẹ rántí ọjọ́ Kérésìmesì 2003. Boeing 727 kan ń gbéra ní Kútọnu, kò rí òkè gùn, ó kọlu ilé kékeré kan ní òpin pápá, ó sì já sí etí òkun. Ó lé ní ọgọ́rùn-ún ẹ̀mí tó lọ. Kì í ṣe ẹ́ńjìnì ni ìwádìí dẹ́bi fún. Ẹrù ló pọ̀ jù, púpọ̀ rẹ̀ wà níwájú, àwọn awakọ̀ kò sì mọ bó ṣe wúwo tó. Ohun tí wọ́n ṣírò lórí ìwé yàtọ̀ sí ohun tó wà nínú bàálù.

Mo sọ gbogbo èyí fún ọmọ ẹ̀gbọ́n mi. Kò fèsì. Lálẹ́ ọjọ́ náà mo tún rí i nídìí kọ̀ǹpútà, ó ń wá géèmù tí ẹ́ńjìnì rẹ̀ ń há lọ́fun. Ó ní, "Bàbá kékeré, mo fẹ́ mọ̀ bóyá èmi náà máa já." Mo ní, "Wàá já. Ohun tó yẹ kó o kọ́ nìyẹn."

Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣiṣẹ́ ní pápákọ̀ òfurufú, tàbí tí ẹ ti wa irú ẹ̀rọ àfarawé yìí rí, ẹ bá wa dá sí i nísàlẹ̀. Ẹ sì fi han àwọn ọmọ yín. Ire o.